Káàdì Néẹ̀tì Tó Ń Kú Tó Ń Jí

Ọjọ́ Ajé, 4

"Ṣé o ti kú ni? Mo ní ṣé o ti kú ni? Pupa ni mò ń wò níbí láti àárọ̀! Mo tún ti rán ọkọ̀ sọ́dọ̀ ẹ lásán! Bí ojú ẹ bá ti fọ́ pátápátá, sọ fún wa, ká wá olójú síbẹ̀!"

Bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo kọ ọ́ yìí. Ariwo ẹ̀ pọ̀ débi pé Bàbá gbé fóònù jìnnà sí etí, èmi tí mò ń fọ abọ́ lẹ́nu ọ̀nà sì gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé Bàbá dìde dúró kó tó dá a lóhùn. Ẹni tí a ò rí rí, ohùn lásán láti ọ́fíìsì, òun ni bàbá mi tó ti fi gbogbo orí hu ewú ń dìde fún. "Ẹ má bínú, sà. Káàdì yẹn ló tún dákú, sà. Ó ti jí báyìí, sà." Sà, sà, sà, bí ẹni ń lé adìẹ.

Ọ̀gá Olóhùn ni mo sọ ọ́ lórúkọ láti òní lọ, torí ohùn ẹ̀ nìkan la mọ̀ nínú gbogbo ara ẹ̀.

Ọkọ̀ tó ní òun rán yẹn dé lóòótọ́. Àwọn ọkùnrin bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ irin gígùn tí wọ́n fi ń fọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn omi. Wọ́n wo igi ìwọ̀n inú odò, wọ́n wo Bàbá, wọ́n pòṣé, wọ́n lọ. Òfin wọn ni pé bí ojú ẹ̀rọ wọn lọ́fíìsì bá ti pupa, tí nọ́ńbà omi ò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, dandan ni kí wọ́n wá fi ojú ara wọn wò ó. Ìdí tí inú fi ń bí Ọ̀gá Olóhùn nìyẹn. Káàdì wa máa ń kú, á pupa, á rán ọkọ̀, kí ọkọ̀ tó dé káàdì á ti jí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kọjú sí omi. Ojú òsì ẹ̀ ti ń funfun bí ẹyin. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rírùn lọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn, kó má gbé e sọ́kàn. Ó wò mí. Mo gbé abọ́ mi wọlé.

Òjò rọ̀ lọ́sàn-án. Omi wà ní 31 lára igi ìwọ̀n.

Ìṣẹ́gun, 5

Màmá ló ní kí n wá bá Bàbá gbé ní ilé omi yìí, níbi tó ti ń ṣọ́ ògiri tí wọ́n fi dá odò dúró lókè ilé wa, títí òjò á fi tán, kí n máa bá a ka igi ìwọ̀n nítorí ojú ẹ̀. Bó ṣe wí nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú mi ti sú u. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, mi ò kọ́ṣẹ́, mi ò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé òun ò lè gba èmi àti Ìyá Àgbà tí kò lè dìde, ká jọ máa dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀.

Ìwé tí mo kà ò pọ̀, àmọ́ mo lè ka ohun tí kọ̀ǹpútà bá kọ. Bàbá ò lè kà á. Mo bá jókòó tì í lónìí. Wáyà kan ti inú odò wá, ó ń gbé nọ́ńbà omi wọnú kọ̀ǹpútà. Káàdì néẹ̀tì tó wà nínú ikùn ẹ̀ ló ń gba nọ́ńbà náà, tó ń fi í ránṣẹ́ gba ojú afẹ́fẹ́ lọ sí ọ́fíìsì. Káàdì yìí ló ń dá wa lágara. Kọ̀ǹpútà máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ń ṣe é sí ojú ewé kan. Òyìnbó ni, àmọ́ mo rọra kà á. Káàdì ò dáhùn. Mo ń tún un gbé dìde. Ó ti dìde. Nísàlẹ̀ ẹ̀, káàdì ò dáhùn, mo ń tún un gbé dìde, ó ti dìde. Bẹ́ẹ̀ ló lọ títí ojú ewé fi kún. Ó dà bí ẹni tó jókòó ti òkú, tó ń pe orúkọ ẹ̀.

Mo sọ fún Bàbá pé Àkúdàáyà ni káàdì wa, ó ń kú síbí, ó ń lọ gbé níbòmíì. Ó ní kí n má fẹnu mi pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ létí omi.

Ọjọ́bọ̀, 7

Bọ̀ọ̀dá Wáyà wá. Òun ni atúnṣe tí ọ́fíìsì máa ń rán, ọkùnrin tínínrín kan tó máa ń fi síkúrù-díráfà há etí bíi bírò. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó yíjú sí mi.

"Ojú Òjò! Ṣé èyí tó ń rọ̀ níta ò tó ni, tí o tún gbé tìẹ dání?"

"Ẹ tún káàdì ṣe, ẹ fi ojú mi sílẹ̀."

"Bàbá, ẹ gbọ́ o. Ọ̀gá tuntun lẹ gbà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀, inú bí mi pé èmi kọ́ ni mo pa á lẹ́rìn-ín.

Mo bi í kí ló dé tí káàdì ń kú. Ó ní káàdì dà bíi mọ́tò, mọ́tò ò sì lè dá rìn. Ohun kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń sọ fún un pé máa lọ, dúró, yà sọ́tùn-ún, dráífà ni wọ́n ń pè é. "Bí dráífà bá ya wèrè, bó ṣe wù kí mọ́tò dára tó, inú kòtò ló ń lọ."

"Ti wa ti ya wèrè?"

"Ó jọ ọ́. Jẹ́ ká gba dráífà tuntun síṣẹ́."

Ó yọ ti àtijọ́, ó fi tuntun sí i. Káàdì dìde, kò kú mọ́. A jọ ń wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò lórí iná. Ó mu omi, ó gun ọ̀kadà ẹ̀. Ariwo ọ̀kadà ò tíì kúrò létí mi tí ojú ewé fi kọ ọ́: Káàdì ò dáhùn. Mo sáré tẹ̀ lé e lójú ọ̀nà, mò ń ju ọwọ́. Ó rò pé mò ń dágbére fún òun, òun náà ju ọwọ́, ó lọ.

Àbámẹ́ta, 9

Ó padà wá. Epo ọ̀kadà ti tún gbówó lórí, ó ní bóun bá tún wá nísinsìnyí ẹsẹ̀ lòun máa fi rìn. Ó dá dráífà àtijọ́ padà. Ó wá fi ohun kan hàn mí tí kò hàn sójú: kọ̀ǹpútà máa ń tẹ́ káàdì sùn kó má baà jẹ iná púpọ̀, nígbà míì tó bá sùn kì í mọ bí wọ́n ṣe ń jí. A pa oorun yẹn. Ó jẹ́ kí èmi fúnra mi ṣe é. Ó ní kí n ṣe é lójú òun, kí n tú u, kí n tún un ṣe.

"Orí ẹ pé," ló wí. "Kí lo wá fi ilé ìwé sílẹ̀ ṣe?"

Mo ní orí mi dùn mí.

Kò tíì kú láti ọ̀sán. Ilẹ̀ ń ṣú lọ báyìí, ó ṣì dúró. Mo fẹ́ràn láti máa wo ojú ewé tí kò sí nǹkan tuntun lórí ẹ̀. 34.

Àìkú, 10

Ó ṣì wà láàyè. Mo jẹun yó.

Ọjọ́rú, 13

Ó kú. Ó kú, ó jí, ó kú, láti ìdájí. Òjò ò dá. Ọkọ̀ tún wá, àwọn ọkùnrin kọ́kọ́rọ́ yẹn ò tiẹ̀ bọ́ sílẹ̀ mọ́, inú ọkọ̀ ni wọ́n ti wo omi. Fóònù sì dún.

"Èyí tó kẹ́yìn nìyí! Bí ibi yẹn bá tún pupa lójú mi, ẹrù ẹ ni kó o kó!"

"Wọ́n á tún un ṣe, sà."

"Ẹrù ẹ ni mo sọ!"

Bàbá gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Ó ní kí n má sọ fún Màmá.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé lọ́sàn-án láti lọ gbé aṣọ òtútù. Ilé wa ni ìkẹta sí etí odò ní ìsàlẹ̀. Màmá ń rán aṣọ, ó fi abẹ́rẹ́ há ètè. Ìyá Àgbà ń sùn nínú yàrá, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wú.

"Báwo ni bàbá ẹ?"

"Ó wà dáadáa."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo wà dáadáa."

"Dáadáa yín ti pọ̀ jù lókè yẹn," ni Màmá wí. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ẹni tó bá ń purọ́ fún mi, kó máa rántí pé èmi ni mo bí i." Ó wá dì mí ní búrẹ́dì. Mo fẹ́ sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi, mo gbé e mì.

Ẹtì, 15

Mo rí i! Àbí mo rò pé mo rí i. Nígbàkígbà tí ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde nínú yàrá abẹ́ ilé omi yìí bá jí, káàdì máa ń kú. Mo jókòó tì í, mo ń fetí sílẹ̀: ẹ̀rọ á kùn, iná gílóòbù á rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀, ojú ewé á kọ ọ́. Ẹ̀rọ yẹn ló ń gba iná mọ́ ọn lẹ́nu. Mo pe Bọ̀ọ̀dá Wáyà, ó ní, "Ọmọ yìí! Mi ò ronú débẹ̀." Ó ní kí n gba iná fún kọ̀ǹpútà láti ibòmíì. Mo fa wáyà láti yàrá Bàbá. Ẹ̀rọ kùn, gílóòbù rẹ̀wẹ̀sì, káàdì dúró gbọn-in.

Mo jó. Kò sẹ́ni tó rí mi, ìdí tí mo fi jó nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́: ẹ̀rọ ò kùn rárá. Gílóòbù ò rẹ̀wẹ̀sì. Káàdì kú. Kò nídìí.

Mo ti ju búrẹ́dì tó ṣẹ́kù sínú omi. 37.

Ọjọ́ Ajé, 18

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí, mi ò mọ̀ bóyá kí n kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́.

Bọ̀ọ̀dá Wáyà wá, ó tú kọ̀ǹpútà, ó tò ó, kò rí nǹkan. Bàbá ní kí n lọ bu omi wá. Mo mọ̀ pé omi wà nínú ike, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, ohùn ẹ̀ sì kéré. "Kì í ṣe pé kó má kú. Bó bá fẹ́, kó máa kú. Ṣé kò sí bí o ṣe lè ṣe é tí wọn ò fi ní máa rí pupa níbẹ̀ yẹn?"

Mo gbọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Wáyà gbé síkúrù-díráfà ẹ̀ sílẹ̀.

"Ó wà," ló wí. "Àmọ́ kò dáa, Bàbá."

"Kí ló burú ńbẹ̀?"

"Ẹ̀rọ á kàn máa sọ fún wọn pé mo wà ńbí, ni. Nígbàkígbà tí káàdì bá ti dìde, nọ́ńbà tó rán kẹ́yìn láá tún kọ́kọ́ rán, kó tó mú tuntun wá. Wọ́n á rí gíríìnì. Bí káàdì bá wá tún kú kó tó rí tuntun rán..."

"Ìṣẹ́jú mélòó ni káàdì fi ń kú? Kí omi tó fi ìka kan gòkè, ó ti jí."

"Òótọ́ ni."

"Ọmọ mi, mo ti dàgbà. Níbo ni mo fẹ́ wáṣẹ́ lọ pẹ̀lú ojú yìí?"

Mo gbọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Wáyà mí kanlẹ̀. "Fún ìgbà díẹ̀ ni o, Bàbá. Mo ti ní kí wọ́n fún wa ní káàdì tuntun. Tó bá ti dé, mo máa yọ nǹkan yìí kúrò."

Mo lọ bu omi tí a ò nílò.

Ìṣẹ́gun, 19

Fóònù ò dún. Òjò.

Ọjọ́bọ̀, 21

Fóònù dún o, àmọ́ ẹ̀rín ló bá wá. "Ẹ ti ṣe dáadáa báyìí! Gíríìnì ni, gíríìnì rekete. Ẹ wo bó ṣe yẹ kó máa rí!" Láàárín ọjọ́ díẹ̀, bàbá mi ti kúrò ní "o", ó ti di "ẹ". Ó fá irùngbọ̀n ẹ̀. Ó ń súfèé. Ó ní kí n se oúnjẹ tó pọ̀, a jẹ ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, òjò ń dún lórí páànù, ara wa gbẹ, inú wa dùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú mi dùn.

Mi ò ka igi ìwọ̀n lónìí. Kò sẹ́ni tó rán mi létí.

Àbámẹ́ta, 23

47.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi, mo kà á ní ìtòsí. 47 ni. Mo padà wọlé, mo ṣí ojú ewé ohun tí a ti rán sí ọ́fíìsì. 38. Lókè ẹ̀, 38. Mo ń fa ojú ewé náà sókè, mo ń fà á, 38 ni gbogbo ẹ̀, bí ẹni to bíríkì.

Mo wá ka èyí tí kọ̀ǹpútà ń kọ nípa ara ẹ̀. Kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Òtútù òjò ti mú káàdì débi pé kò lè dúró rárá. Ó dìde. Ó ní mo wà ńbí. Ó rán 38. Ó kú. Kò bá nọ́ńbà tuntun dé ẹnu ọ̀nà rí. Ó kàn ń dìde láti wá purọ́ ni, kó tó tún kú.

Mo sọ fún Bàbá. Ó ń fọ ẹ̀wù ẹ̀.

"Nọ́ńbà ẹ̀rọ máa bá omi, ó máa bá a," ló wí.

"Kò lè bá a. Ó ti ń purọ́ láti—"

"Ta ló ń purọ́?" Ó yíjú sí mi. Ojú tó ń ríran tó fi wò mí, mi ò fẹ́ kó tún fi wò mí bẹ́ẹ̀ mọ́. "Ẹ̀rọ kì í purọ́. Lọ gbé iná kalẹ̀."

A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Pupa ni a wò sàn. A ò wo káàdì.

Ọjọ́ Ajé, 25

51. Àmì pupa tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sára igi ìwọ̀n wà ní 60, omi ò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn omi láti 45, àmọ́ láti ọ́fíìsì ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ ṣí, nọ́ńbà tí wọ́n bá sì rí ni wọ́n ń tẹ̀ lé, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wa.

Bàbá pe Ọ̀gá Olóhùn fúnra ẹ̀. Ó gbìyànjú. Mo fẹ́ kó wà nínú ìwé yìí pé ó gbìyànjú.

"Omi ń gòkè díẹ̀ o, sà. Bí ẹ bá lè ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, sà."

Mo gbọ́ ẹ̀rín. "Méjìdínlógójì ni mò ń wò níbí, bàbá. Kò mì. Ojú yín yẹn, ẹ lọ gba oògùn sí i. Ṣé kí n da omi lé àwọn ènìyàn lórí nítorí ojú yín ni?"

"Rárá o, sà."

Bọ̀ọ̀dá Wáyà fẹsẹ̀ rìn dé lọ́sàn-án, ẹrẹ̀ dé orúnkún ẹ̀, ọ̀nà ò gba ọ̀kadà mọ́. Kò pè mí ní Ojú Òjò. Ó tú káàdì jáde, ó gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo gbogbo eyín ẹ̀. Kì í ṣe dráífà. Kì í ṣe oorun, kì í ṣe iná. Láti ọjọ́ yìí wá, ìrì inú ilé omi ló ń jẹ ẹ́ lẹ́nu, à ń tún orí ṣe, ẹsẹ̀ ló ń jẹrà. Ó fi aṣọ nù ún, ó dá a padà. Ó dìde, ó rán 38, ó kú.

"Káàdì tuntun tí ẹ ní kí wọ́n fún yín ńkọ́?" mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn. "Mo lọ bá wọn. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi káàdì ṣe, ibẹ̀ gíríìnì." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn."

"Ká sọ pé kí ni? Pé ìwọ lo ṣe é, èmi ni mo bẹ̀ ọ́? Ìyàwó ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ."

"Mo mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ."

"Òjò máa dá lọ́la. Òjò ò rọ̀ kó má dá."

"Ẹ jẹ́ kí n yọ nǹkan yẹn, ó kéré tán."

Bàbá dúró síwájú kọ̀ǹpútà. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni ń dí ọ̀nà mọ́ màlúù. Bọ̀ọ̀dá Wáyà dìde nílẹ̀. Ó ní ó dáa, òun máa lọ sí ọ́fíìsì fúnra òun, òun á fi ẹnu sọ ọ́ fún wọn ní kọ̀rọ̀. Ó lọ nínú òjò. Mo sìn ín dé gééètì. Kò ju ọwọ́.

Ọjọ́rú, 27

Afárá òkè odò tó wà láàárín wa àti ìlú ti rì. Fóònù Bọ̀ọ̀dá Wáyà ò wọlé. Mi ò mọ̀ bóyá kó tó rì ló kọjá, àbí bó ṣe ń rì. Ọkọ̀ ńlá ọ́fíìsì nìkan ló lè gba ojú ọ̀nà òkè wá báyìí.

56.

Mo pe Màmá. Mo ní kó gbé Ìyá Àgbà, kí wọ́n lọ sílé ìyá oníbúrẹ́dì lókè.

"Ta ló kú?"

"Omi pọ̀ níbí, Màmá."

"Omi wo? Odò ibí ti gbẹ tán! Láti ìjọ́sí. Àwọn ọmọdé ń fi ọwọ́ mú ẹja láàárín ẹ̀, èmi gan-an wọ bàtà kọjá lọ sí òdìkejì lánàá. Mi ò rí irú ẹ̀ rí nígbà òjò."

Ilẹ̀kùn wà ní títì, gbogbo omi odò náà wà lọ́dọ̀ wa lókè níbí.

"Ṣé fèrè ọ́fíìsì tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé omi ń bọ̀ ti dún ni?" ni Màmá bi mí.

"Kò tíì dún."

"Ó dáa, ṣé ẹ̀yìn mi ni mo máa fi pọn Ìyá Àgbà gun òkè nítorí pé o lá àlá? Fún bàbá ẹ ní fóònù."

Bàbá gba fóònù. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀." Ó gbé e sílẹ̀, ó jáde, mo gbọ́ tó ń bì lẹ́yìn ilé.

Ìgbà tó wà lẹ́yìn ilé ni mo fi fóònù ẹ̀ pe Ọ̀gá Olóhùn.

"Ẹ káàsán, sà. Èmi ni ọmọ bàbá ilé omi. Nọ́ńbà tí ẹ ń wò yẹn, sà, kì í ṣe—"

"Ta nìyí? Ọmọdé wo ló ń fi fóònù iṣẹ́ ṣeré?"

"Ọmọ ẹ̀ ni, sà. Igi ìwọ̀n ti wọ—"

Ọwọ́ Bàbá já fóònù gbà létí mi. Ẹnu ẹ̀ ṣì tutù. "Ẹ má bínú, sà. Ọmọdé ni, sà. Ojú kan ló ń gbé, ó ń sú u, sà."

Kò nà mí. Ó bá fóònù lọ sùn, ó fi sábẹ́ ara ẹ̀. Ìbá sàn kó nà mí.

Ẹtì, 29

58, ó sì lé díẹ̀.

Ògiri tó dá omi dúró ti ń sunkún. Láàárọ̀, ibi kan ló tutù lára ẹ̀, bí ibi tí ọmọ tọ̀ sí. Nísinsìnyí omi ń ṣàn níbẹ̀ tínínrín, omi náà sì pọ́n, ó ń ru ilẹ̀ bọ̀ wá. Ohùn kan wà nísàlẹ̀ tí mi ò gbọ́ rí, ó dà bí ẹni tó ń lọ eyín lójú oorun. Àwọn ẹyẹ tó máa ń bà lórí ilẹ̀kùn omi ti lọ.

Bàbá jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀. Kò jẹun. Ó ń sọ ọ́ lábẹ́ ètè pé òjò ti ń fẹ́ dá, òjò ti ń fẹ́ dá. Mo kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n, ká jẹ́wọ́." Ó fi ọwọ́ pa mí lórí, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní, "Bí wọ́n bá mọ̀, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n máa gbé mi lọ báyìí, kì í ṣe ilé mọ́." Ó ní, "Ó máa bá a."

Mi ò kórìíra ẹ̀. Mo fẹ́ kórìíra ẹ̀, kò ṣeé ṣe.

Mo wọlé, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ó dìde. Mo wà ńbí. 38. Ó kú. Ó dìde. Mo wà ńbí. 38. Mo wò ó títí ojú fi ń ta mí. Mo wá ń rò ó pé gbogbo wa là ń bẹ káàdì yìí kó má kú, láti ìbẹ̀rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Wáyà, Bàbá, èmi pẹ̀lú. Bó bá kú tán, tí kò lè dìde wá sọ pé òun wà ńbí, ibẹ̀ á pupa. Kì í ṣe pupa tó ń wá tó ń lọ. Pupa tí kò ní kúrò. Òfin wọn sì wà ńbẹ̀. Wọ́n á rán ọkọ̀ ńlá náà gba ojú ọ̀nà òkè, àwọn ọkùnrin yẹn á bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ wọn, wọ́n á pòṣé, wọ́n á wá wo igi ìwọ̀n. Wọ́n á fọn fèrè kí wọ́n tó ṣí i. Màmá gba fèrè gbọ́.

Wọ́n á wá tú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Wọ́n á rí ohun tó wà nínú ẹ̀. Mo mọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún bàbá mi, àti fún Bọ̀ọ̀dá Wáyà bó bá ṣì wà láàyè.

Bí mo bá pa kọ̀ǹpútà, Bàbá á tàn án. Bí mo bá yọ wáyà, ó mọ ibi tí wọ́n ń fi í sí. Káàdì nìkan ni kò lè dá padà. Síkúrù kékeré méjì ló dè é mọ́lẹ̀. Odò ò jìnnà, yóò sì gbà á. Mi ò ní sọ fún un. Mi ò ní sọ fún Màmá, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí lẹ́yìn ọ̀la. Bó bá ti jáde lọ wo ògiri, màá yọ ọ́.

Ó ti dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó ń wá bàtà òjò ẹ̀.